Ta Ló Mọ̀ Ọ́n?

Láti Kétu ni mo ti kúrò, Kétu náà ni mo sì dé. Kétu àkọ́kọ́ wà ní ilẹ̀ Benin, níbi tí tísà ti ń fi Faransé nà wá nílé ìwé, tí a ó sì délé wá sọ Yorùbá. Èkejì wà ní Èkó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkòsì, níbi tí wọ́n ti sọ mí ní Kùtọ̀nù kí n tó lo ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo dé Kùtọ̀nù rí láyé mi. Mo ṣàlàyé pé ọmọ Yorùbá ni mí, pé ìlú tiwa ti ní ọba kí Èkó tó mọ̀ pé òun máa di Èkó. Wọ́n ní, "Kùtọ̀nù, a ti gbọ́." Nígbà tó yá, mo ń jẹ́ orúkọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Aunty Dúpẹ́ tó gbà mí síṣẹ́ aṣọ rírán. Ìyá mi kò mọ Aunty Dúpẹ́ rí. Àmọ́ ìyá mi mọ ìyá àgbà kan nílùú Pobẹ̀, ìyá àgbà náà mọ pásítọ̀ kan ní Ìlaròó, pásítọ̀ yìí ló sì sìnkú bàbá Aunty Dúpẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀rọ̀ fi ń lọ tó ń bọ̀ láàárín àwọn èèyàn wọ̀nyí kí wọ́n tó ní kí n di ẹrù mi. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa nìyẹn. Wọn kì í béèrè pé irú èèyàn wo ni lágbájá, torí pé ẹnikẹ́ni lè sọ ohun tó bá wù ú nípa ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé, ta ló mọ̀ ọ́n?

Òwúrọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù, ìrìn tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lo wákàtí kan lójú ọ̀nà. Gbogbo àgbà tí mo bá pàdé ni mò ń kúnlẹ̀ kí. Àwọn kan wò mí bí ẹni tó fẹ́ tọrọ nǹkan, obìnrin kan sì fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù, Aunty Dúpẹ́ béèrè ohun tó dá mi dúró, mo ní mò ń kí àwọn èèyàn ni. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

Ó ní, "Kùtọ̀nù, tó o bá kí gbogbo Kétu tán, ìgbà wo lo fẹ́ wá ránṣọ?"

Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín títí. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Ní ilé oníyàrá mẹ́wàá tí mò ń gbé, ọkùnrin kan wà ní yàrá tó kọjú sí tèmi, a jọ ń lo balùwẹ̀ kan fún oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kan ó kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ń béèrè orúkọ rẹ̀ kiri nítorí lẹ́tà kan tó dé lẹ́yìn rẹ̀, bóyá tirẹ̀ ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú gbogbo wa. Bọ̀dá Iwájú là ń pè é. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ẹ̀rù bà mí gidigidi, torí mo mọ̀ pé bí èmi náà bá lọ, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé Kùtọ̀nù kan wà níbí rí.

Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n sá padà. Mo mọ aṣọ rán, mi ò ní fi ìtìjú bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ìyá kan tó ń gbé ní Magodo, tí Aunty Dúpẹ́ ti ń ránṣọ fún tipẹ́, wọ bùbá kan tí mo rán, ó sì ní láti òní lọ òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan aṣọ òun. Èmi ló wá ń gbé aṣọ lọ fún un. Géètì ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà wọn níbẹ̀, àwọn gáàdì á kọ orúkọ rẹ àti ilé tí ò ń lọ sínú ìwé kí wọ́n tó jẹ́ kí o wọlé. Ní ìgbà kẹta, gáàdì kan sọ pé, "Aunty telọ, ẹ máa wọlé." Mo gbéra ga títí mo fi padà dé Kétu.

Aunty Dúpẹ́ fúnra rẹ̀, èèyàn pupa, gíga ni, tépù ìwọ̀n kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Gbogbo Ìkòsì ló mọ̀ pé kò lawọ́ nídìí kírẹ́díìtì fóònù. Ìpè wọ́n nígbà náà, fíláàṣì ni gbogbo ayé ń ṣe: o ó pe èèyàn, bí tirẹ̀ bá ti dún lẹ́ẹ̀kan, o ó gé e, kí òun lè fi owó tirẹ̀ pè ọ́ padà. Aunty Dúpẹ́ ti sọ tirẹ̀ di òfin. Fíláàṣì kan sí oníbàárà: aṣọ rẹ ti ṣetán. Méjì: máa bọ̀ kíá, wàhálà wà. Mẹ́ta sí àwa ọmọ ṣọ́ọ̀bù bí a bá wà nílé: iná ti dé, ẹ wá fi ayọ́ọ̀nù lọ aṣọ. Ẹni tó bá ṣèèṣì gbé fíláàṣì rẹ̀, tó sì jẹ owó rẹ̀, onítọ̀hún á gbọ́ ohun tó pọ̀ ju owó náà lọ. Mo ti lo ọdún kan àbọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, mi ò tíì gbọ́ kí ìpè rẹ̀ dún kọjá ẹ̀ẹ̀kan lórí fóònù mi.

Ọjọ́ Sunday ni ọjọ́ ìyá mi. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyá mi á lọ jókòó sílé tísà kan ládùúgbò wa nílé, torí fóònù wà níbẹ̀. Èmi náà á lọ sábẹ́ agboòrùn obìnrin kan tó ń ta ìpè àti káàdì fóònù nítòsí bọ́sítọ́ọ̀pù Kétu. A kì í sọ̀rọ̀ pẹ́. Ìyá mi á béèrè bóyá mò ń jẹun, mo máa ní mò ń jẹun. Èmi á béèrè nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún, á ní ó ti fúyẹ́. Irọ́ la jọ ń pa fún ara wa, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa rìn padà sílé láàárín èrò, tí mi ò ní rí ẹni tí mo lè sọ ohun tó sọ fún.

Mi ò ní purọ́ pé Rísì ló tì mí dé ìdí kọ̀ǹpútà. Rísì, ọmọ Ọ̀yọ́ tí a jọ ń ránṣọ, ló kàn mú mi dé kafé, ibi tí wọ́n ti ń ta wákàtí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi ń padà lọ. Rísì bá mi ṣí ímeèlì, ó fi fọ́tò mi sí ibi tí àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ó kọ̀wé síbẹ̀ pé Kétu ni mo ti wá, pé mo fẹ́ràn orin ìjọ àti ọmọlúàbí ọkùnrin. Àwọn ọmọkùnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ń kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí àwọn obìnrin òyìnbó tí wọn ò rí rí, ọ̀kan ń pe ara rẹ̀ ní sójà, èkejì ní ẹnjiníà. A ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ lábẹ́lẹ̀. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé ẹni tí èmi náà ń bá sọ̀rọ̀ lè máa jókòó sórí irú àga yẹn níbòmíràn.

Dàpọ̀ ló pe ara rẹ̀. Ó ní òun ń gbé ní Magodo, òun ń kó ẹ̀yà ara mọ́tò wọlé láti òkè òkun. Nínú fọ́tò rẹ̀, ó wọ kóòtù, ó fara ti mọ́tò. Ṣùgbọ́n kì í ṣe kóòtù ló mú mi. Lọ́jọ́ kẹta tí a pàdé lórí kọ̀ǹpútà, kó tó béèrè ohunkóhun, ó kọ̀wé pé, "Se o ti jeun?" Mo wo ọ̀rọ̀ yẹn títí wákàtí mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Láti ìgbà tí mo ti dé Èkó, àfi ìyá mi nìkan ló ń béèrè bóyá mo ti jẹun. Mo sunkún díẹ̀ nínú kafé yẹn, mo sì ní eruku ló kó sí mi lójú nígbà tí Rísì wò mí.

Lẹ́yìn náà ó ń pè mí lórí fóònù, owó tirẹ̀ ló fi ń pè, kì í ṣe fíláàṣì. Ó máa ń béèrè ẹni tí mò ń bá gbé, bóyá mo ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin l'Ékòó, bóyá àwọn ará ilé mi máa ń wá wò mí. Mo rò pé ó fẹ́ mọ̀ mí ni. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ní kò sí ẹnì kankan.

Lọ́jọ́ Sunday kan, mo gbìyànjú láti sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo ní ọkùnrin kan wà tó fẹ́ kí n di tòun. Mo ní onígbàgbọ́ ni, mo ní Magodo ló ń gbé, mo ṣàpèjúwe géètì àti àwọn gáàdì fún un. Ìyá mi gbọ́ mi tán.

Ó ní, "Kì í ṣe ibi tó ń gbé ni mo bi ọ́. Ta ló mọ̀ ọ́n?"

Mo ní ayé ti yí padà, pé l'Ékòó èèyàn kì í mọ aládùúgbò rẹ̀ pàápàá. Ìyá mi ní òun gbọ́, ó tún béèrè lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní ìpè ti fẹ́ tán, mo sì gbé fóònù padà fún alágboòrùn. Ìpè kò fẹ́ tán. Ìbéèrè yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, inú sì ń bí mi sí ìyá mi, torí mi ò ní èsì kankan láti fún un.

Nígbà tí Dàpọ̀ ní kí a ríra lọ́jọ́ Saturday, mo gé aṣọ tuntun fún ara mi. Aunty Dúpẹ́ rí mi tí mò ń lọ ọ́. Ó wo aṣọ náà, ó wò mí, ó béèrè pé ta ni. Mo rò pé ó máa bú mi, mo ti mú èsì sílẹ̀ lẹ́nu. Ó rán Rísì lọ ra òwú, ó fa àga, ó jókòó.

Ó ní nígbà tí òun wà ní ọmọ ogún ọdún, òun rí àdírẹ́ẹ̀sì ọkùnrin kan nínú ìwé ìròyìn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá ọ̀rẹ́ tí wọ́n máa máa kọ lẹ́tà sí. Wọ́n kọ̀wé síra wọn fún ọdún kan. Ọwọ́ ìkọ̀wé ọkùnrin náà dára, lẹ́tà rẹ̀ a sì máa rùn dáadáa. Aunty Dúpẹ́ sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ òun kan, ó sì wọkọ̀ lọ bá a n'Íbàdàn.

"Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, mi ò ní sọ ọ́ fún ẹ," ó ní. "Ohun tí mo fẹ́ kó o mọ̀ ni pé ó di ọjọ́ kẹta kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé mo sọnù. Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, Kùtọ̀nù."

Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ. Ìyẹn yà mí lẹ́nu. Ó ní òun kò lè ti ọmọ ènìyàn mọ́lé, àmọ́ kí n gbọ́ bí wọ́n ṣe ń lọ. Ojú mọmọ ni, níbi tí èrò wà. Kí n mú owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ tèmi dání. Kí n jókòó síbi tí mo ti lè rí ilẹ̀kùn, kí n fọwọ́ ara mi ṣí ohun mímu mi, bí mo bá sì dìde kúrò nídìí rẹ̀, kí n má padà mu ún mọ́. Mi ò gbọdọ̀ wọ mọ́tò ẹ̀. Ní gbogbo ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n fíláàṣì òun lẹ́ẹ̀kan: àlàáfíà ni. Méjì: máa bọ̀ kíá, wàhálà wà. Ó ní òun máa wà ní ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ọjọ́ Saturday pọ̀.

Dàpọ̀ wá sí ilé oúnjẹ tí a fàdéhùn sí ní Kétu. Ó dàgbà ju fọ́tò rẹ̀ lọ díẹ̀, àmọ́ òun ni. Ara rẹ̀ ń rùn dáadáa, ó sì ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ra míìtì-páì fún mi. Mo jókòó síbi tí mo ti lè rí ilẹ̀kùn, mo ṣí mínírà mi fúnra mi, nígbà tí mo fẹ́ lọ tọ̀, mo gbé e mu tán pátápátá kí n tó dìde, ó sì ń wò mí bí ẹni tí òùngbẹ ti fẹ́ pa. Mo fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo tún fíláàṣì lẹ́ẹ̀kan. Ọkàn mi balẹ̀, mo sì ń bínú sí ara mi pé mo jẹ́ kí wọ́n dẹ́rù bà mí.

Ìgbà yẹn ló wo aago ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí a máa lọ.

"Mummy mi ti ń retí wa nílé ní Magodo," ó ní. "Mo ti sọ fún wọn pé mò ń mú ẹ bọ̀ wá kí wọn. Wọ́n ti se oúnjẹ sílẹ̀. Àbí kí n pè wọ́n pé o ò wá?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́ ọmọ nílé á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bà mí. Bí ó bá ní kí a lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, mo mọ ohun tí mo máa sọ. Bí ó bá ní kí a lọ ṣeré, mo mọ ohun tí mo máa sọ. Àmọ́ àgbà obìnrin tó ti dáná sílẹ̀, tó jókòó, tó ń retí ọmọ tí yóò wá kúnlẹ̀ kí i, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé mi ò lọ? Wọn ò kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ ìyẹn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọdún púpọ̀. Mo rò ó lọ́kàn mi pé bí mo bá ti rí ìyá rẹ̀, mo ti ní èsì fún ìyá tèmi. Lọ́la ní agogo mẹ́rin, mo máa lè sọ pé ìyá rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè tó yẹ kó dá mi dúró gan-an ló gbé mi wọ inú mọ́tò.

Mọ́tò náà tutù nínú, gíláàsì rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí ó gbéra, ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dún kọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. A gba ọ̀nà Ìkòsì, a bọ́ sí ọ̀nà CMD. Ó fi orin sí i. Wọ́n ní àlejò lójú, kò fi ríran, Dàpọ̀ náà sì mọ̀ pé àlejò ni mí. Ohun tí mi ò sọ fún un ni pé mo máa ń gbé aṣọ lọ sí Magodo. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń yà sí géètì yẹn dáadáa. A dé ibẹ̀, kò yà. Ó kọjá, ó dojú kọ títì márosẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ti kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà."

Ó ní ìyá òun kò sí ní Magodo lónìí, ilé àbúrò òun ló wà. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ní Magodo ni. Mo béèrè ibi tí ilé àbúrò rẹ̀ wà, ó ní kò jìnnà. Mo béèrè orúkọ àdúgbò náà, ó fi kún ohùn orin. Mo ti ọwọ́ bọ inú báàgì mi lórí itan mi. Nọ́ńbà Aunty Dúpẹ́ ni mo pè gbẹ̀yìn, bọ́tìnì kan náà ni mo máa tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó pè é padà, mi ò nílò láti wò ó. Mo pè, mo kà dé márùn-ún, mo gé e. Mo tún pè, mo tún gé e. Mo wá jókòó, mò ń wo títì, mò ń gbàdúrà pé kí fóònù rẹ̀ má wà lábẹ́ aṣọ tó ń gé lórí tábìlì.

Fóònù mi dún. Mo rò pé fíláàṣì ni, ó máa gé e. Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó dún lẹ́ẹ̀kẹta, ó dún lẹ́ẹ̀kẹrin, kò gé e. Nínú ọdún kan àbọ̀, mi ò rí irú ẹ̀ rí. Aunty Dúpẹ́ ń pè mí.

Mo gbé e. Ó béèrè ibi tí a dé, mo ní a ti kọjá Magodo, pé Dàpọ̀ ní ìyá òun ti dáná, ó ń retí mi. Aunty Dúpẹ́ ní kí n gbé fóònù fún un. Dàpọ̀ kò fẹ́ gbà á, àmọ́ mo nà án sí i létí, Aunty Dúpẹ́ kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Brother Dàpọ̀, ẹ kú ìrìn. Èmi ni mummy ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Mo gbọ́ pé mummy yín ti dáná. Mò ń bọ̀ wá kí àwọn náà, kò dáa kí ọmọ nìkan wá. Mo ti kọ nọ́ńbà mọ́tò yín sílẹ̀ kí n má bàa ṣìlé." Ó sì ka nọ́ńbà náà fún un, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Mo ti kà á fún àwọn tó wà níbí náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mummy yín sórí fóònù bí ẹ bá ti dé."

Dàpọ̀ wa mọ́tò fún ìgbà díẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ ń lọ sínú dígí ẹ̀yìn lemọ́lemọ́. Lẹ́yìn náà ó yà sí ilé epo kan kí a tó dé Bẹ́gà, ilẹ̀kùn dún kọ̀, ó ní kí n sọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Sọ fún mummy ẹ pé mi ò ṣe nǹkan kan fún ẹ."

Ó lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń ra epo, mo ṣì di míìtì-páì tó kù mú nínú bébà. Ọ̀kadà ni Aunty Dúpẹ́ fi bá mi, òun tó máa ń sọ pé kí àwọn tó ń gun ọ̀kadà máa dágbére fún ìyá wọn kí wọ́n tó jáde. Tépù ìwọ̀n wà lọ́rùn rẹ̀. Lára pọ́ọ̀sì dúdú tó dì mú, mo rí nọ́ńbà mọ́tò tó fi ṣọ́ọ̀kì tá a fi ń sàmì sí aṣọ kọ, funfun báláú. Kò sí ní ṣọ́ọ̀bù rárá ní gbogbo ìgbà yẹn. Láti agogo méjì ló ti jókòó sábẹ́ agboòrùn obìnrin tó ń ta ìpè, ní òdìkejì títì, ó ń wo ẹnu ilẹ̀kùn ilé oúnjẹ náà. Nígbà tó rí mi tí mo wọ mọ́tò, ó ra káàdì, ó fi kírẹ́díìtì sórí fóònù rẹ̀.

Kò bú mi. Ó gba míìtì-páì náà lọ́wọ́ mi, ó jù ú nù, ó fà mí mọ́ra níwájú gbogbo àwọn tó ń ra epo. Ó ní, "Ó ti tán."

Títí di òní, mi ò mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń wá. Bóyá ìyá kan wà lóòótọ́ nílé àbúrò kan, tí oúnjẹ rẹ̀ tutù sórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni mo fi bá a wá àwáwí, torí mo fẹ́ràn rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ó sì dùn mí láti má mọ ẹni tí mo fẹ́ràn. Orúkọ rẹ̀ kò yọ lórí kọ̀ǹpútà mọ́. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́. Kò sí ilé tí mo lè lọ, kò sí àgbà tí mo lè bi léèrè. Ohun tí ìyá mi ti rí láti Kétu tiwa nílé nìyẹn, tí èmi tí mo jókòó tì í kò rí.

Mi ò sá fún kafé o. Òyìnbó tó ṣe lẹ́ẹ̀dì náà ló ṣe ìrésà. Ọkọ tí mo fẹ́, orí kọ̀ǹpútà ni a ti pàdé ní ọdún méjì lẹ́yìn náà. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ríra, Aunty Dúpẹ́ jókòó sí tábìlì kejì, ó ní kí ọkùnrin náà sanwó oúnjẹ òun. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí àdúgbò wọn ní Alápẹ̀rẹ̀, ó ní òun ń wá yàrá tí òun máa háyà, ó sì jókòó ti àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ó padà dé, ó ní wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ní ìyá kan tiẹ̀ sọ pé ó máa ń sùn jù.

Àmọ́ ọjọ́ Sunday, ọjọ́ kejì ọjọ́ tí Aunty Dúpẹ́ fi ọ̀kadà wá mi, ni mi ò lè gbàgbé. Ní agogo mẹ́rin, ó tẹ̀ lé mi dé abẹ́ agboòrùn. Mo pe ilé. Ìyá mi béèrè bóyá mò ń jẹun, mo sì gbìyànjú láti sọ pé mò ń jẹun, ohùn kò jáde. Ó ń pe orúkọ mi, orúkọ tí wọ́n sọ mí nílé. Aunty Dúpẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ mi.

Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀, lórí ìpè, bí ẹni pé ìyá mi ń wò ó. Ó ní òun ni Dúpẹ́ tí ọmọ wọn ń bá ṣiṣẹ́. Wọ́n kí ara wọn títí: wọ́n kí ilé, wọ́n kí ọ̀nà, wọ́n kí òjò, wọ́n kí ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá mi, lórí ìpè sí ilẹ̀ òkèèrè tí alágboòrùn ń fi aago ṣọ́. Mo dúró tì wọ́n, mò ń gbọ́ ohùn ìyá mi wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìyá mi béèrè nípa ọkùnrin yẹn, pé ta ló mọ̀ ọ́n.

"Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, ma," Aunty Dúpẹ́ ní. "Ó ti lọ."

Ìyá mi ní, "Ọmọ tèmi ńkọ́? Ta ló mọ òun náà níbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni, ma. Èmi mọ̀ ọ́n."

Ìyá mi ní ó dáa. Ọ̀rọ̀ wọn ti parí. Ṣùgbọ́n Aunty Dúpẹ́ kò gé ìpè náà. Ó di fóònù mú mọ́ etí rẹ̀, ó ń dúró kí ìyá mi kọ́kọ́ gé tirẹ̀.